Ọmọ Ológbò Tó Gba Àyè Mi

Ó ń yí gbirigbiri nínú òwú funfun lábẹ́ maṣíìnì ìránṣọ, màmá àgbà sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dùn mí. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, èmi kàn fọwọ́ kan òwú yẹn lásán ni, wọ́n ní, "Gbé e sílẹ̀, ọwọ́ ẹ ò mọ́." Ọmọ ológbò tó ti inú gọ́tà Àgùdà jáde, ọwọ́ tiẹ̀ ló wá mọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Màmá àgbà yìí ló bí ìyá mi. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n sì ń rán aṣọ àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì nínú fúláàtì wọn lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní àdúgbò Àgùdà. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọkùnrin sílé wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ọmọ náà kì í sùn, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn, ni wọ́n bá kó aṣọ mi sí báàgì, wọ́n ní kí n lọ lo sáà kan lọ́dọ̀ màmá àgbà. Mo sunkún lọ́jọ́ tí mo dé. Lọ́jọ́ kejì mo dákẹ́, torí mo rí i pé kò sí ọmọ mìíràn nílé yìí. Èmi nìkan ni.

Láràárọ̀, bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n á gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ọwọ́ náà máa ń rùn fún epo maṣíìnì àti ọṣẹ ìfọṣọ. Wọ́n á ní, "Àbẹ̀kẹ́ mi, ṣé o jí ire?" Ìyá mi kì í ráyè pe oríkì mi mọ́, nítorí náà mo máa ń pẹ́ díẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ yẹn.

Òjò ló gbé ọmọ ológbò náà wá. Ó ké lábẹ́ àtẹ̀gùn láti ọ̀sán títí màmá àgbà fi sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé e pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì. Wọ́n da mílíìkì sínú ìdérí agolo fún un. Mo rò pé tí ilẹ̀ bá mọ́, wọn yóò dá a padà. Àṣé ó ti di onílé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tó fò sórí itan wọn. Ọwọ́ tó wà lórí mi kúrò, ó bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀.

"Àdùkẹ́ mi," ni wọ́n wí, "ìwọ náà ti jí?"

Ta ló ń fún ológbò lóríkì? Àdùkẹ́, ẹni tí à ń dù láti kẹ́. Ta ló ń bá wọn dù ú?

Oníṣẹ́ibi ni ẹranko náà. Ó jí orí ẹja nínú àwo mi, orí ẹja tí màmá àgbà máa ń fi sílẹ̀ fún mi. Ó tọ̀ sórí aṣọ akọrin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Màmá àgbà tún aṣọ náà fọ̀, wọ́n tún un lọ̀, wọ́n ní, "Ọmọdé ni, kò mọ̀." Èmi náà ọmọdé ni, ṣùgbọ́n nígbà tí mo da tíì sílẹ̀, n kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Lóòótọ́, mo ń rù.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n wé gèlè tán, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ti ilẹ̀kùn yìí dáadáa o. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ti fi oògùn eku sínú ẹja, wọ́n gbé e sẹ́yìn ilé. Má jẹ̀ẹ́ kí Àdùkẹ́ jáde."

"Mo ti gbọ́, mà."

Wọ́n ní kí n tọ́jú ológbò. Wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni tọ́jú mi. Ológbò jókòó sídìí ilẹ̀kùn, ó ń ké pè wọ́n. Mo dìde, mo fa irin tí a fi ti ilẹ̀kùn, mo ṣí i, mo padà lọ jókòó. Mo ń sọ fún ara mi pé n kò lé e.

Orí àtẹ̀gùn ni màmá àgbà ti bá a nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ó ń da itọ́ lẹ́nu. "Gbé epo pupa wá!" Wọ́n rọ epo sí i lẹ́nu kó lè bì, èmi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Kò bì. Màmá àgbà ló ń wò títí ó fi kú. Wọ́n sunkún. Wọ́n mú àgékù léèsì búlúù kan, èyí tí mo ti fojú sí fún aṣọ Ọdún Àjíǹde mi, wọ́n fi wé e, a sì sin ín sídìí ibẹ́pẹ ẹ̀yìn ilé. Bí wọ́n ṣe ń wé e, mo jowú òkú.

"Ta ló ṣí ilẹ̀kùn?"

"Atẹ́gùn ni, mà."

Wọ́n wo irin ilẹ̀kùn náà, wọ́n wò mí. Wọ́n jókòó sídìí maṣíìnì láìrán nǹkan kan.

"Èmi ò fẹ́ràn ológbò tẹ́lẹ̀," ni wọ́n wá sọ. "Mo rí i pé o ò lẹ́ni tó o lè bá ṣeré nínú ilé yìí. Torí ẹ ni mo ṣe gbé e wọlé."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọwọ́ wọn wà lórí mi, orí mi nìkan. Ohun tí mo ti ń wá nìyẹn, ṣùgbọ́n n kò lè pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ mọ́.

Màmá àgbà lo ọ̀pọ̀ ọdún sí i láyé, wọn kò sì tún bi mí nípa ilẹ̀kùn yẹn. Èmi náà kò sọ òótọ́ fún wọn títí wọ́n fi lọ. Mo ti dàgbà, mo ti ní ilé tèmi, owú ọmọ ológbò yẹn kò sì tíì tán lára mi. Gbogbo ìwà burúkú ológbò náà, ojú màmá àgbà ló ti hù ú. Ó kú láìpurọ́ fún wọn rí.