Orin Tí Màmá Mi Ń Wá Ní Santana

Nínú rédíò ọkọ̀ tí mo wọ̀ ní Sakponba, ọmọbìnrin kan ń fi ohùn tuntun kọ orin òyìnbó àtijọ́ kan tí màmá mi wá kiri nígbà tí mo wà ní kékeré.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, màmá mi fà mí láti ìsọ̀ oníkásẹ́ẹ̀tì kan sí òmíràn ní ọjà Santana, nínú oòrùn àti òórùn ẹja gbígbẹ. Oníkásẹ́ẹ̀tì kan fi èyí tí onírẹ́gẹ̀ kọ sí i, òmíràn fi ti akọrin ìjọ sí i.

“Kì í ṣe èyí,” ni màmá mi ń sọ.

“Mọ́mì, leg dey pain me,” mo ké pé ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Níkẹyìn, a rí ti ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́. Màmá mi gbọ́ ọ tán lórí ìdúró, wọn ò rà á. Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé ohùn olórin yẹn ni màmá mi fi ń mú kí ẹ̀gbọ́n mi sùn, ẹ̀gbọ́n tó kú kí wọ́n tó bí mi.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n pọ̀n mí, èmi ọmọ ọdún méje, wọn ò sì sọ̀ mí kalẹ̀ títí a fi délé.