Atẹ́gùn Ẹ̀gbẹ́ Ògiri

Bí ẹ bá jókòó sí pálọ̀ Ìyá Dámiláre ní Àkúrẹ́, tí ẹ sì dìde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kí ẹ tó padà dé, ó ti pa fáànù. Kì í ṣe pé ó láhun o. Ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká, ní ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù ti máa ń fẹ́ sí àga òfìfo láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń bí i nínú títí dòní. "Fáànù kì í mú yàrá tutù," ló máa ń wí. "Ara ènìyàn ló ń fẹ́ sí. Ta ló wá ń fẹ́ sí nígbà tí ẹ ò sí níbẹ̀?" Òótọ́ sì ni.

Modúpẹ́ ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Opó ni. Nígbà tí Dámiláre, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Àbújá, fẹ́ ra ẹ̀rọ amúlétutù fún un, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní fáànù àjà ni kí ó rà, irú tuntun tí kì í jẹ iná púpọ̀, tí bátìrì sólà kékeré lè gbé. Ọmọ náà rà á. Rìmóòtù bá a wá, bọ́tìnì kan sì wà lára rẹ̀ tó ń jẹ́ kí fáànù máa yí sí òdìkejì. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, atẹ́gùn á gba òkè lọ, á fẹ́ mọ́ àjà, á wá máa rọra sọ̀kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹni tó wà lábẹ́ fáànù gan-an á máa làágùn, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri á máa gbádùn. Ìgbà òtútù ni àwọn òyìnbó ń lò ó. Àkúrẹ́ kò ní irú òtútù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Dámiláre wá iṣẹ́ fún bọ́tìnì náà.

Tíṣà Silas ni iṣẹ́ ọ̀hún. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ará Oǹdó, ìyàwó rẹ̀ sì ti ṣaláìsí. Bàbá Joy ni Ìyá Dámiláre ń pè é. Láti ìgbà tí wọ́n ti pàdé níbi ìsìn ìdúpẹ́ kan, kò sí Sátidé tí kì í wọ ọkọ̀ wá sí Àkúrẹ́ láti wá kí i. Á jókòó sórí àga ńlá tó wà láàárín pálọ̀, á sọ̀rọ̀ ọ̀nà, á sọ̀rọ̀ ìjọ, á sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé ìsinsìnyí tí kò mọ ìwé kà. Ọ̀rọ̀ tí Modúpẹ́ ń dúró dè ni kì í sọ.

Modúpẹ́ fẹ́ràn ọkùnrin náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń fẹ́ kò ju pé kí ó dìde lórí àga yẹn, kí ó wá jókòó ti òun lórí sófà ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó dá a lójú pé ọ̀rọ̀ yòókù á tibẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni ìyá ìjọ ṣe máa la ẹnu sọ pé, "Ẹ sún mọ́ mi"? Ló bá fi rìmóòtù pamọ́ sábẹ́ ìró, ó tẹ bọ́tìnì.

Òógùn bo Tíṣà. Ó ní, "Ilé yín mà tura o, mà." Ó ṣí fìlà.

"Apá ibí tutù díẹ̀ o, sà."

"Ẹ ṣeun, mà. Ibí yìí dára."

Sátidé tó tẹ̀lé e, ó bọ́ agbádá. Èyí tó tún tẹ̀lé e, ó ká ìwé ètò ìsìn, ó fi ń fẹ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń fẹ́ iná. Modúpẹ́ ń pariwo nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Ọkùnrin yìí, dìde!" Kò dìde. Ó fún áńkáṣífù rẹ̀ lójú fèrèsé, ó dúpẹ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó gba Oǹdó lọ.

Kò wá mọ́. Nígbà tí Modúpẹ́ pè é, ó ní iṣẹ́ ló pọ̀. Iṣẹ́ wo, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì?

Ìgbà yẹn ló tó yé e. Ta ló ń sọ fún àlejò pé kó máa lọ nílẹ̀ wa yìí? Ẹ ó yán, ẹ ó mú ìgbálẹ̀, àlejò tó gbọ́n á dìde. Òun náà ti fi yíyán lé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Tíṣà tó kọ́ ẹ̀kọ́ ilé ti gbọ́ ohun tí òun kò sọ! Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù gidi, pé òun ti fi ọwọ́ ara òun lé ọkùnrin náà dànù. Kò lè jẹun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọ ọkọ̀ Oǹdó.

Tíṣà gbé omi fún un, ó jókòó jìnnà.

"Bàbá Joy, kí ni mo ṣe yín?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, mà. Èmi ń làágùn, ẹ̀yin tutù bí omi àmù. Mo sì rí rìmóòtù lábẹ́ aṣọ yín. Tíṣà ni mí, mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan pamọ́ sábẹ́ tábìlì."

"Ẹ rí rìmóòtù, ẹ ò rí sófà! Ẹ̀gbẹ́ mi ni atẹ́gùn wà. Mo fẹ́ kí ẹ wá a wá síbẹ̀ ni!"

Tíṣà la ẹnu sílẹ̀. "Gbogbo òógùn yẹn..."

"Ẹ̀yin lẹ ò dìde!" Inú bí Modúpẹ́, ìbínú náà ló sì bá a tú ẹnu rẹ̀. "Mo fẹ́ kí ẹ jókòó tì mí. Mo fẹ́ kí a jọ máa gbé. Ṣé ó ti yé yín báyìí?"

Tíṣà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tó yíjú padà, ó ti mú ojú le bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì, ó fi ọwọ́ sí etí.

"Modúpẹ́, jọ̀ọ́, tún un sọ. N kò gbọ́ dáadáa. Ariwo fáànù yìí ti pọ̀ jù."

Modúpẹ́ wo òkè. Fáànù dúró gbagidi. Iná ti lọ ní gbogbo àdúgbò láti àárọ̀.

Ó tún un sọ.