Ìdáhùn Tí Mo Gé Nínú Orin

Ìyá tó bí bàbá mi kì í kọrin àfi tí ọ̀bẹ bá wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí mo mú wọn lọ sí sítúdíò ní Adó, ọ̀gá ibẹ̀ ní kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, orin kankan ò sì jáde. Mo padà ra makirofóònù kékeré tí wọ́n ń kì bọ fóònù, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níbi tí wọ́n ti ń bẹ ẹ̀gẹ́ nílé wa ní Ìrè. Orin bá ń tú jáde.

Bàbá àgbẹ̀ kan tó ń ti oko bọ̀ kọjá, ó ní, "Ẹ kú uṣẹ́ o."

Màmá dá orin dúró. "Òo, ẹ kú àbọ̀." Wọ́n sì ń bá orin wọn lọ.

Mo gé ìdáhùn yẹn kúrò lórí kọ̀ǹpútà mi kí orin lè já geere, ṣùgbọ́n ohùn bàbá àgbẹ̀ ṣẹ́kù síbẹ̀. Nígbà tí mo tẹ orin náà fún màmá, wọ́n fajú ro.

"Wọ́n kí mi, mi ò dáhùn? Ọmọ mi, irú àgbà wo lo sọ mí dà yìí?"

Mo dá ìdáhùn náà padà sínú orin.

Màmá ti lọ báyìí, bàbá àgbẹ̀ náà sì ti lọ. Ṣùgbọ́n orin náà wà lórí fóònù àwọn èèyàn títí dé Ìkọ̀lé, ibi yòówù tí wọ́n bá sì ti tẹ̀ ẹ́, àwọn méjèèjì á tún kí ara wọn.