Ẹ̀rọ Omi Tí Mo Rù Padà sí Èkó

Ọdún tí mo bí ọmọ mi kejì ni ìyá ọkọ mi já bọ́ láti orí ọkọ̀ akẹ́rù. Òwò obì ni wọ́n ń ṣe. Ọjà Alápótì ni wọ́n ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n jókòó lé àpò obì wọn lórí, ọkọ̀ kó sí kòtò, wọ́n sì fi apá ọ̀tún gúnlẹ̀. Bàbá tó ń to eegun bá wa tò ó. Apá náà san, ṣùgbọ́n kò ṣe é ká mọ́. Láti ìgbọ̀nwọ́ dé ìka, ó le gbagidi bí ẹ̀ka igi.

Ọdún mélòó kan ló kù kí òmìnira dé nígbà náà. Kò sí omi ẹ̀rọ ní Ọ̀tà tí à ń gbé. Apá Sàngó tí ilé iṣẹ́ ńláńlá kún lónìí, oko ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ ló wà níbẹ̀. Kànga tó wà lẹ́yìn ilé la gbójú lé, okùn àti garawa la sì fi ń fa omi rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó kọ̀ láti bá Ìyá fa omi. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni pé Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré ni wọ́n. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ni wọ́n ń ṣe àlùwàlá, ẹ̀ẹ̀marùn-ún náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ wá ẹni tí yóò bá wọn fa omi. Wọn kì í pariwo. Wọ́n á kàn dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ òsì di búútà mú, wọ́n á máa retí títí ẹnì kan á fi rí wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo pọn ọmọ jáde sẹ́yìn ilé, mo bá wọn nídìí kànga. Wọ́n ń fi ọwọ́ òsì fa okùn sókè díẹ̀, wọ́n á fi eyín di í mú, wọ́n á tún nawọ́ fà á. Garawa ṣì wà nísàlẹ̀ réré. Mo sáré gba okùn náà lẹ́nu wọn. Okùn ti bó ètè wọn.

Mo ní, "Ìyá, ẹ ò ṣe pè mí?"

"Mo gbọ́ tí ọmọ ń sunkún lọ́dọ̀ rẹ." Wọ́n fi etí ìró nu ẹnu. "Ìyàwó mi, kì í ṣe pé ẹ̀ ń fi omi dù mí. Ó kàn ti sú mi kí n máa tọrọ omi tí n ó fi kírun ni."

Mo fa garawa náà sókè. Bí mo ṣe ń da omi sí búútà wọn, ọkàn mi lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tí mo gbé ọmọ lọ fún abẹ́rẹ́. Páǹpù onírin kan wà lágbàlá ibẹ̀. Mo ti rí nọ́ọ̀sì kan tó fi apá kan gbé ọmọ ọlọ́mọ, tó ń fi ọwọ́ kejì gbé apá páǹpù náà sókè, tó ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, tí omi sì ń dà sínú abọ́. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló fi ṣe é.

Mo sọ fún ọkọ mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Káfíńtà ni, kì í yára sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ilé òyìnbó ni wọ́n ń ri irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́. Ta ni yóò bá wa tò ó?"

Mo ní, "Ẹ̀yin. Ẹ ṣáà ń kan ilẹ̀kùn, ẹ ń kan òrùlé."

"Igi ni mo mọ̀. N kò mọ irin."

"A ó mọ̀ ọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín, kò sì sọ pé kí n má lọ. Aránṣọ ni mí, mo ti ń tọ́jú owó díẹ̀ láti fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun. Mo pinnu pé ẹ̀rọ yẹn lè dúró.

Mo wọ ọkọ̀ bọ́lẹ̀kájà lọ sí Èkó. Lẹ́bàá Ìdúmọ̀tà ni mo ti rí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun èlò onírin. Páǹpù náà wà lórí pẹpẹ, aláwọ̀ ewé, ó ń dán. Mo rà á, mo gbé e sórí, inú mi dùn débi pé mi ò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kankan. Nígbà tí mo délé tí ọkọ mi dà á dojú dé, ihò kan ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó wò mí.

"Kí ló máa ti inú kànga gbé omi wá síbí?"

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé orí nìkan ni mo rà, kò lọ́rùn, kò lẹ́sẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo padà lọ ra páìpù. Ẹni tó ń tajà béèrè pé, "Ínṣì mélòó?" Mi ò mọ ínṣì kankan. Mo fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá júwe bí ihò náà ṣe fẹ̀ tó, ó sì mú páìpù kan jáde tó bá ìka mi mu. Nígbà tí mo gbé e délé, páìpù náà kò bá ihò ẹ̀rọ mu. Ó ń mì nínú rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọmọdé nínú bàtà bàbá rẹ̀. Aládùúgbò kan tó ń wò wá láti ojú fèrèsé ní kí n tọ́jú ẹ̀rọ náà sí pálọ̀, kí n máa fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n pè mí sínú yàrá wọn.

Wọ́n ní, "Jọ̀wọ́ jẹ́ kó tó gẹ́ẹ́. Ohun tí o ti ṣe tó mi."

Mo ní, "Ìyá, kò tíì tó èmi."

Nígbà tí n ó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, mi ò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún ìka mi láti júwe. Mo so òkúta mọ́ okùn, mo sọ ọ́ sínú kànga, mo ta kókó kan síbi tí omi bẹ̀rẹ̀, mo ta òmíràn síbi tó kan ẹnu kànga. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi ti fà sẹ́yìn, mo sì mọ̀ pé kò lè lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ká okùn náà sínú apẹ̀rẹ̀. Mo wá gbé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lé orí, mo sì mú páìpù tí kò bá ihò mu dání.

Kọndọ́ bọ́lẹ̀kájà béèrè ohun tó wà lórí mi. Mo ní páǹpù ni. Ó ní, "Èkó tí wọ́n ti ń ra páǹpù ni ẹ ń gbé páǹpù lọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbé e lé itan láti Ọ̀tà kọjá Agége títí a fi dé Èkó, itan mi sì kú tipiri.

Bí mo ṣe sọ ẹrù kalẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń tajà mọ̀ mí. Kí ó tó sọ̀rọ̀, bàbá àgbàlagbà kan tó wá ra ìṣó yíjú sí mi. Ó ti bá ìjọba ṣiṣẹ́ omi ẹ̀rọ ní Èkó fún ọdún púpọ̀ kó tó fẹ̀yìn tì.

Ó ní, "Ọmọ mi, kí ló bà jẹ́ lára rẹ̀?"

"Kò sóhun tó bà jẹ́, Bàbá. Èmi ni mi ò mọ ohun tí wọ́n ń rà mọ́ ọn."

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, títí kan ti apá Ìyá. Bàbá náà kúnlẹ̀ ti ẹ̀rọ náà, ó ti ìka bọ ihò rẹ̀, ó ní kí n fọwọ́ kàn án. Ó fi ìlà yíyí tó wà nínú rẹ̀ hàn mí. Ó ní ìlà yẹn ni yóò gbá ẹnu páìpù mú, pé páìpù tí kò bá ní irú ìlà bẹ́ẹ̀ lẹ́nu, tí kò sì fẹ̀ tó bó ṣe yẹ, kò lè mú un láéláé. Ó mú páìpù kan, ó yí i wọnú ihò náà pẹ̀lú ọwọ́ lásán. Ó wọlé ṣinṣin. Ara mi balẹ̀ wọ̀ọ̀.

Ó ní, "Kànga yín ńkọ́? Ó jìn tó báwo?"

Mo yọ okùn mi jáde. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó fi ọ̀pá ìwọ̀n wọ̀n ọ́n. Láti ẹnu kànga dé ojú omi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlélógún.

"Ọlọ́run bá ọ ṣe é," bẹ́ẹ̀ ló wí. "Ká ní ó kọjá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni, irú ẹ̀rọ yìí kò ní lè fà á. Ta ló ní kí o wọ̀n ọ́n?"

Mo ní, "Ojú ló tì mí, Bàbá, ni mo fi wọ̀n ọ́n."

Ó dúró tì mí títí mo fi ra gbogbo ohun tó kù: páìpù tó tó okùn mi, irin kékeré tó máa wà nísàlẹ̀ páìpù, tó ń gba omi wọlé tí kì í jẹ́ kó padà, òwú àti ọ̀dà tí wọ́n ń fi dí ojú ìsopọ̀, àti awọ roboto kan tó máa wà nínú ẹ̀rọ. Ẹni tó ń tajà gba páìpù ọ̀sẹ̀ tó kọjá padà nítorí pé bàbá náà bá mi bẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ já mi sí Sàngó. Ọkọ mi ti ń dúró dè mí níbẹ̀. Òun mú iwájú páìpù, èmi mú ẹ̀yìn, a rù ú lọ sílé. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí a délé ló ní, "Mo rò pé o máa jọ̀wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìrìn kejì."

Pákó ìrókò ló fi ṣe ìdérí kànga, ó dá ihò páìpù sí i, ó fi bóòtù de ẹ̀rọ mọ́ ọn. Èmi ni mo ń wé òwú mọ́ ojú ìsopọ̀ bí bàbá yẹn ṣe fi hàn mí. Ọ̀sán gan-an la parí. Àwọn ará àdúgbò ti pé jọ. Ọkọ mi tẹ apá ẹ̀rọ náà títí ó fi ń làágùn. Ó ń dún wóóó, bí ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ gbẹ. Omi kò wá.

Mo tú orí rẹ̀, mo wo inú. Gbogbo nǹkan wà níbi tó yẹ kó wà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bá mi sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, ẹkún ni n bá sun.

Ìyá ló wá. Wọ́n mú awọ inú ẹ̀rọ náà, wọ́n fi ìka òsì tẹ̀ ẹ́. Oníṣẹ́ awọ ni bàbá tó bí wọn lọ́mọ, inú ṣíṣe bàtà àti gàárì ẹṣin ni wọ́n gbé dàgbà. N kò ronú kan ìyẹn rí.

Wọ́n ní, "Ó ti gbẹ ní ṣọ́ọ̀bù. Awọ tó gbẹ kò lè fẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ fún mi ní àdín."

Wọ́n rì í sínú àdín títí di ọjọ́ kejì. Wọ́n fà á, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n tún rì í, títí ó fi rọ̀ bí etí ọmọ. Nígbà tí a dá a padà, wọ́n da omi díẹ̀ sórí rẹ̀, wọ́n sì ní kí ọkọ mi yẹra. Wọ́n fi ọwọ́ òsì mú apá ẹ̀rọ. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, kò sí nǹkan kan. Ní ẹ̀ẹ̀kẹfà apá náà wúwo mọ́ wọn lọ́wọ́, mo rí i lójú wọn kí n tó rí omi. Omi pupa ló kọ́kọ́ dà, tó ní ìpẹtà. Lẹ́yìn náà ó mọ́ gaara.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí búútà fi kún. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ṣe àlùwàlá wọn, wọn kò kánjú, wọ́n sì wọlé lọ kí ìrun Àsárì.

Mi ò tètè ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun. Ọdún méjì ni mo tún fi lo ti àtijọ́. Awọ inú páǹpù máa ń jẹ lọ́dọọdún, Ìyá sì kọ́ mi bí mo ṣe lè gé tuntun lára awọ màlúù. Àwọn ará Ìlò-Àwẹ̀là, àdúgbò wa, tó fẹ́ ra tiwọn wá ń béèrè ohun tí wọ́n máa rà lọ́wọ́ mi. Omi tó ń dà sílẹ̀ nídìí ẹ̀rọ náà kò jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ mọ́, Ìyá bá gbin tẹ̀tẹ̀ yí i ká. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ewébẹ̀ wọ́n káàkiri Ọ̀tà, àwọn aládùúgbò tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ló ń wá tọrọ tẹ̀tẹ̀ lẹ́yìn ilé wa. Ìyá fúnra wọn ló ń já a fún wọn.