Aṣáà Tí N Kò Fà Rí

Ṣàfúrátù, ìyàwó àbúrò mi, ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń ṣe àlùwàlá lágbàlá ilé wa ní Nima. Mo fa omi símú, ẹ̀jẹ̀ ló bá a jáde. Kí n tó rí nǹkan fi nù ún, obìnrin yìí ti figbe ta: "Ẹ wá wò ó o! Aṣáà tí ọkọ mi ń fà ní kọ̀rọ̀ ti tú síta!" Èmi ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lóbìnrin ni ọkọ tó ń wí.

Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Èmi gan-an ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ pé tábà kò dára. Síbẹ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́, àbúrò mi ti ń tú ìrọ̀rí mi wò bóyá agolo aṣáà wà níbẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ kò dá, ihò imú ọ̀tún sì dí. Ṣàfúrátù sìn mí lọ sílé ìwòsàn, ó fi Twi, èdè ìlú náà, ro ẹjọ́ mi kí n tó la ẹnu. Dókítà mi orí. Ó wo iwájú imú, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti sábà máa ń wá, ó fi oògùn jó ibẹ̀, ó ní: "Mààmé, ẹ jáwọ́ nínú aṣáà."

Imú ń ta mí bí ata, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dà. Nígbà tó ń ṣàn sí mi lọ́fun, ẹ̀rù jẹjẹrẹ bà mí. Mo dá wọ tròtrò, ọkọ̀ akérò, lọ sílé ìwòsàn mìíràn. Mo jókòó títí ìdí mi fi kú. Ìgbà tó kàn mí, mo ní: "N kò fa aṣáà rí. Ẹ̀yìn imú lọ́hùn-ún ni ẹ̀jẹ̀ náà ti ń wá." Dókítà obìnrin náà ti ẹ̀rọ awòran tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ mí nímú. Lọ́hùn-ún pátápátá, lára eegun tó ká bí ìkarahun ìgbín nínú imú, ẹran pupa kan jókòó síbẹ̀. Ó ní ó jọ kókó iṣan ẹ̀jẹ̀: àwọn iṣan wẹẹrẹ ló so pọ̀ di ẹran, kì í sì í sábà hù níbẹ̀. Kò gé e wò, kó má baà ya ẹ̀jẹ̀. Ó ní kí n kọ́kọ́ lọ ya fọ́tò inú orí.

Lẹ́yìn fọ́tò náà, wọ́n fún mi lóògùn oorun, wọ́n yọ ẹran náà gba ihò imú, wọ́n sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Títí èsì fi dé, oúnjẹ kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi. Ṣàfúrátù ló ń bá mi jẹ wààkyé mi, ìrẹsì ẹlẹ́wà tí wọ́n ń sè fún mi. Èsì ní kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Ẹ̀yin tí imú yín ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ fi ẹnu ara yín ròyìn àìsàn yín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. N kò ka èémí sí nǹkan kan rí, àfìgbà tó ku ihò imú kan ṣoṣo fún mi. Nígbà tí àwọn ará ilé wá kí mi kú ewu, Ṣàfúrátù jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní: "Ọkọ mi, ṣebí mo ń sọ fún gbogbo wọn pé ẹ kì í fa aṣáà!"