Ẹni Tó Ń Di Ọmọ Mú ní Yàrá Lésà

Iṣẹ́ kan wà ní ilé ìwòsàn náà tí wọn kò gba ẹnikẹ́ni sí. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ yàrá lésà, níbi tí wọ́n ti ń fi ìtànṣán iná pa àmì ara rẹ́, ló ń ṣe é. Ìyá Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ọmọ ọwọ́ kankan kì í wọ yàrá yẹn kó má gbọ́ “pẹ̀lẹ́” lẹ́nu rẹ̀ títí tí wọ́n á fi gbé e jáde.

Nọ́ọ̀sì tó yẹ kó di ọmọ mú ni kò wá níjọ́ kan. Dókítà obìnrin tó ń lo ẹ̀rọ náà bojú wẹ̀yìn, ó rí i pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

“Màmá, ẹ gbé ìyẹn kalẹ̀, ẹ wá bá mi di orí ọmọ yìí mú.”

Ó fọ ọwọ́, ó di orí náà mú. Láti ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ ti di tirẹ̀.

Àwọn ọmọ tí àmì pupa bá wáyé ni wọ́n ń gbé wá, àmì tó tẹ́ sí wọn lójú bí ẹni da wáìnì sí aṣọ. Dókítà fẹ́ kí wọ́n tètè gbé wọn wá, nígbà tí awọ ṣì fẹ́lẹ́, tí ọmọ kò sì tíì lágbára ìjà. Wọ́n á fi aṣọ wé ọmọ gírígírí láti ọrùn dé ẹsẹ̀, wọ́n á fi ìdérí irin kékeré bo ojú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ á wọ awò aláwọ̀ ewé tó ṣú, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Ìyá Pẹ̀lẹ́ á wá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá orí náà mú bí ẹni gbá igbá omi tó kún mú. Ẹ̀rọ á fẹ́ atẹ́gùn tútù, iná á kọ, á dún bí rọ́bà tí a ta mọ́ ara. Ibi tí iná náà bá bà, á dúdú bí ara tí wọ́n lù. Òórùn irun jíjó á gba yàrá.

Àwọn ìyá kì í lè dúró. Bí wọ́n bá dá Ìyá Pẹ̀lẹ́ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti bi í bóyá ó ń dun ọmọ, èsì kan ló ní fún gbogbo wọn.

“Kò dùn wọ́n. Wíwé tí a wé wọn ló ń bí wọn nínú.”

Ó ti sọ ọ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ gbà á gbọ́.

Nígbà tó yá, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí náà bímọ, obìnrin ni. Àmì náà bẹ̀rẹ̀ láti iwájú orí, ó gba ìpéǹpéjú kọjá, ó dúró lẹ́bàá ètè. Irú rẹ̀ tí Ìyá Pẹ̀lẹ́ ti rí lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Síbẹ̀ ó ní láti wá ibì kan jókòó.

Níjọ́ kan tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ wọ ọkọ̀ èrò, obìnrin kan na ọrùn wò wọ́n. “Ẹ̀yin ìyá ayé ìsinsìnyí. Ta ló da omi gbígbóná sọ́mọ lójú?”

“Bàbá ẹ̀ ni,” ìyá ọmọ dáhùn. “Ó fẹ́ fi í po tíì.”

Obìnrin náà yíjú sí fèrèsé. Ìyá ọmọ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi délé. Bí ó ti ti ilẹ̀kùn ló bú sẹ́kún.

“Màámi, ẹ̀yin lẹ máa dì í mú o. Mi ò fẹ́ ọwọ́ ẹlòmíì.”

“Ta ni kò bá tún dì í mú?”

Ó dì í mú. Bí iná àkọ́kọ́ ti bà á, orí kékeré náà ta gìrì láàárín ọwọ́ rẹ̀. Ó ti mọ ìtagìrì yẹn lára ọmọ ọlọ́mọ, kò kàn fún un lórúkọ rí ni. Lọ́jọ́ náà ó mọ̀ pé ìrora ni, bí iná sì ṣe ń kọ ló ń kà á sínú ọwọ́ ara rẹ̀.

Ìyá ọmọ ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ti wú. “Ẹ ní kì í dùn wọ́n.”

“Inú ló bí i.”

“Inú wo, Màámi? Ṣé mi ò mọ ẹkún ọmọ mi ni?” Ó gba ọmọ náà. “Mi ò gbé e wá mọ́. Kó máa gbé àmì ẹ̀ kiri.”

Ìyá Pẹ̀lẹ́ mọ ohun tí àmì náà máa ń dà bí wọ́n bá fi í sílẹ̀. Ó ti rí àgbàlagbà tí tirẹ̀ ti nípọn, tó yọ kókó, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ bó bá fẹ́ fárùngbọ̀n.

“Gbé e wá,” ó wí. “Èkejì ò ní rí bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.”

Ìpara kan wà tí wọ́n ń fi pa ojú ọmọ kí awọ lè kú tipiri. Nọ́ọ̀sì á kọ́kọ́ wọn bí ọmọ ṣe wúwo tó, lẹ́yìn náà á tẹ ìpara bíńtín jáde. Bí ọmọ bá ṣe kéré tó ni ìpara náà ṣe ń kéré tó. Ìwà ahun ni Ìyá Pẹ̀lẹ́ ka ọ̀rọ̀ náà sí láti ọjọ́ pípẹ́. Ìpara ọ̀hún wọ́n, ọmọ ọwọ́ kò sì lẹ́nu láti ní kò tó. Ike ìpara tí wọ́n bá lò tán, inú garawa ìdọ̀tí ló ń lọ, òun ló sì ń da garawa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn. Nílé, ó fi sísọ́ọ̀sì là wọ́n, ó fi ṣíbí ha inú wọn sínú ago kan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìtọ́jú kejì, bí ìyá ọmọ ti wọ balùwẹ̀, Ìyá Pẹ̀lẹ́ fi ìpara inú ago náà pa ọmọ lójú. Ó pa iwájú orí, ó pa ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó pa ẹ̀yìn etí àti ọrùn nítorí pé ìpara ṣì kù. Ó fi ọ̀rá náílọ́nù bo ibi tó pa.

“Kí lẹ fi sí i?” ìyá ọmọ bi í nígbà tó jáde.

“Ohun tó ń mú awọ rọ̀. Lọ jẹun.”

Kò bi í mọ́. Ìyá rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn.

Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, wọ́n ti nu gbogbo rẹ̀ kúrò. Nọ́ọ̀sì wọn ọmọ, ó fi ìpara tirẹ̀ sí i.

“Àmì yìí ti ṣá o,” dókítà wí, ó tẹ̀ mọ́ ọn. “Ó jọ pé ti àkọ́kọ́ jẹ́.”

Ìyá Pẹ̀lẹ́ mọ̀ pé ìpara náà máa ń lé ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú awọ. Ó yíjú lọ mú awò rẹ̀. Wọ́n wọ awò. Iná kọ, ó tún kọ, ọmọ náà kò ké. Orí rẹ̀ rọ̀ sọ́wọ́ Ìyá Pẹ̀lẹ́ bí ẹ̀wù.

“Ọwọ́ yín yìí, Màmá,” nọ́ọ̀sì wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi di ọkọ mi mú, bóyá òun náà á dákẹ́.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Inú Ìyá Pẹ̀lẹ́ dùn débi pé ó gbàgbé láti sọ pẹ̀lẹ́. Ohun gbogbo ló ní àwọ̀ ewé nínú awò yẹn, kò sí ẹni tó lè fi í mọ àwọ̀ ènìyàn. Ìgbà tí wọ́n bọ́ ọ ni wọ́n tó rí ètè ọmọ náà. Ó dà bí eérú.

Wọ́n fún un ní ọ́síjìn. Ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà pé atẹ́gùn ń wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Dókítà fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà kò pupa, ó ṣú bí kòkó inú ife. Wọ́n pe ìyá ọmọ wọlé.

“Kí lo fún un?”

“Ọmú ni. Ọmú nìkan ni.”

Dókítà yíjú sí nọ́ọ̀sì. “Báwo ni ìpara yẹn ṣe pọ̀ tó? Bó bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ ọmọ kò ní lè gbé atẹ́gùn mọ́.”

“Bí mo ṣe máa ń fi sí wọn náà ni, dókítà.”

“Èmi ni,” Ìyá Pẹ̀lẹ́ wí. “Mo ti fi sí i nílé.”

“Báwo ló ṣe pọ̀ tó?”

Ó fi ìka wọn bí ago náà ṣe jìn tó. Dókítà kò pariwo mọ́ ọn. Ó kàn sọ orúkọ oògùn kan fún nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì sì sáré. Oògùn aláwọ̀ aró ni, wọ́n fà á sí iṣan ọmọ náà díẹ̀díẹ̀. Ó pẹ́ kí etí rẹ̀ tó pọ́n. Ètè ló kẹ́yìn.

Ọmọ Ìyá Pẹ̀lẹ́ kò bú u. Ó ń tú bọ́tìnnì aṣọ ọmọ, ó tún ń dè é.

“Màámi, màá máa gbé e wá títí wọ́n á fi ṣe é tán,” ó wí níkẹyìn. “Ẹ̀yin ẹ má wọ ibẹ̀.”

“Mo gbọ́.”

“Ẹ má gbé e nílé náà. Ó dìgbà tí mo bá sọ.”

Ilé ìwòsàn kò lé e. Wọ́n gbé e lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń fọ aṣọ, níbi tó ti ń ká aṣọ tí wọ́n fi ń wé àwọn ọmọ. Ògiri kan ló pààlà rẹ̀ àti yàrá lésà. Wọn kì í sọ fún un pé òní ni ọjọ́ ọmọ náà, ṣùgbọ́n ó mọ ẹkún rẹ̀.

Ẹ̀rọ fẹ́ atẹ́gùn. Iná kọ. Ọmọ náà ké, Ìyá Pẹ̀lẹ́ ń ká aṣọ. Ẹkún ṣẹ́ lójijì, ọwọ́ rẹ̀ dúró sórí aṣọ tó ká dé ìdajì. Ó dúró. Obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wò ó. Lẹ́yìn ògiri, ọmọ náà mí kanlẹ̀, ó tún ké, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá Pẹ̀lẹ́ ká aṣọ náà tán, ó mú òmíràn.