Òórùn Káńfọ̀ Nínú Ìlédìí

Títí di òní, bí mo bá ṣí àpótí aṣọ ẹnikẹ́ni tí òórùn káńfọ̀ sì gba imú mi, mo á kọ́kọ́ pa á dé ná. Ìlédìí ni mo máa ń rí lójú ọkàn mi, àwọn ìlédìí funfun tí mo sá sórí okùn ní ẹ̀yìnkùlé ilé tí à ń gbé ní Àgbowó, lọ́dún tí mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ tí mi ò sì tíì rí iṣẹ́ kankan ṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gbà mí sílé nígbà náà. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí àkọ́bí rẹ̀, kò lè bẹ̀rẹ̀, kò lè gbé nǹkan wúwo, ọkọ rẹ̀ sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Àbújá lẹ́yìn tí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ. Ìyá wa tó wá ń wẹ ọmọ náà ò lè pẹ́, torí pé ara bàbá wa ò yá nílé. Bí gbogbo ọ̀rọ̀ ìdí ọmọ ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́ nìyẹn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú mi dùn sí i. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti nílò mi fún nǹkan. Ojoojúmọ́ ni mò ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í fèsì sí, ṣùgbọ́n bí ọmọ yìí bá tọ̀, tó ń ké, tí mo sì pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀, á dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Èsì nìyẹn. Mo wá gbà á lọ́kàn pé kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń mú kí ọmọ mọ́ tó mi láyé yìí.

Pámpáàsì la kọ́kọ́ ń lò fún un. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ara ìdí rẹ̀ pọ́n, ó sì sú wẹ́wẹ́. Mo bá rántí àpótí kan tí ìyá wa gbé wá, tí àwọn ìlédìí aláṣọ tí wọ́n lò fún ẹ̀gbọ́n mi àti fún èmi náà wà nínú rẹ̀. Káńfọ̀ ni wọ́n fi tọ́jú wọn láti ìgbà náà, àwọn hóró funfun róbótó yẹn tí àwọn ìyá wa máa ń jù sáàárín aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Nígbà tí mo ṣí àpótí náà, òórùn rẹ̀ gbá mi lójú. Lójú tèmi, òórùn ìmọ́tótó ni. Mi ò wulẹ̀ fọ̀ wọ́n kí n tó lò wọ́n. Èyí tí ọmọ bá sì ti lò, mo máa ń sè é nínú ìkòkò, mo máa ń sá a sóòrùn, mo máa ń fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, mo á wá dá a padà sáàárín káńfọ̀. Kẹ́mísìrì ni mo kà ní yunifásítì o. Mo lè ya àwòrán ohun tó wà nínú káńfọ̀ fún yín lórí pátákó láìwo ìwé. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá láti béèrè ohun tó lè ṣe lára ọmọ tí kò tíì pé oṣù kan.

Ìyá onílé wa máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wò mí. "Nọ́ọ̀sì tí kò ka nọ́ọ̀sì!" ni wọ́n máa ń pè mí. "Ìdí ọmọ yìí mọ́ ju ojú ẹlòmíì lọ." Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo sì máa ń gbà wọ́n gbọ́.

Lọ́jọ́ kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo àwọn ìlédìí náà, mo tú ọmọ, mo sì bá ìtọ̀ tó pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Tẹ́lẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀ kì í hàn lára aṣọ funfun. Mo wò ó títí. Ẹ̀gbọ́n mi ké sí mi láti yàrá pé, "Ṣé ó ti yàgbẹ́ ni? Ṣé kò sí nǹkan?"

"Ó kàn tọ̀ ni, Àǹtí mi. Kò sí nǹkan."

Mo ki ìlédìí náà bọ omi ọṣẹ. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tó wà lọ́kàn mi lásìkò yẹn, torí mo ti rò ó tó ìgbà ẹgbẹ̀rún. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù méjì ni, ti ọmọ àti ti ara mi, kékeré inú wọn ló sì borí: pé ẹ̀gbọ́n mi á ní kí n gbé ọmọ òun sílẹ̀, pé nǹkan kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe lọ́dún yẹn náà, mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Mo fọ àmì náà títí aṣọ fi funfun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá onílé gbé ọmọ lọ sí ojú fèrèsé. "Wá wo ojú ọmọ yìí. Ṣé kì í ṣe pé ó ń pọ́n?" Mo ní bóyá kọ́tìnnì ni. Kọ́tìnnì náà jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè lóòótọ́, ara mi sì balẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ní kí a gbé e sí oòrùn àárọ̀, pé ó máa ń ṣe àwọn ìkókó bẹ́ẹ̀. A gbé e sóòrùn. Ìtọ̀ pupa yẹn jáde lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ náà, mo sì fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta mọ́, ọmọ ò gba ọmú mọ́. Igbe rẹ̀ ti tín-ín-rín bíi ti ọmọ ológbò, ẹyin ojú rẹ̀ ti di àwọ̀ ìyeyè pátápátá, kọ́tìnnì ò sì sí nítòsí. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ kan di ojú iṣẹ́ abẹ rẹ̀ mú, ó fi ọwọ́ kejì gbé ọmọ. A wọ tákísì, a gba Sáńgò àti Mókọ́lá títí dé ilé ìwòsàn kan ní Ring Road. Báàgì ìlédìí wà lórí itan mi, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo mọ́tò. Dẹ́rẹ́bà ní, "Ẹ mà mọ ọmọ tọ́jú o. Ẹ wo bí ó ṣe ń ta sánsán!"

Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ló tú ọmọ. Wọ́n gbé ìlédìí náà sí imú. "Ta ló fi káńfọ̀ sí i?"

"Èmi ni, mà."

"Ìtọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ìgbà wo ló ti ń pọ́n?"

Ẹ̀gbọ́n mi yára dáhùn. "Ìtọ̀ rẹ̀ ò pọ́n, mà. Àbúrò mi ló ń pààrọ̀ rẹ̀, ì bá ti sọ fún mi."

Mo lè dákẹ́. Gbogbo ẹ̀rí wà lórí okùn ní Àgbowó, ó funfun báláú. Mo ní, "Láti ìjẹta ni. Mò ń fọ̀ ọ́ ni."

Nọ́ọ̀sì ò bú mi. Wọ́n kàn sáré pe dókítà. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan ò lè fara da káńfọ̀, pé láti ara aṣọ ló ti ń wọlé sí wọn lára tó sì ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́, pé ohun tó pọ́n sí i lójú yẹn lè gun ọpọlọ, ó sì lè gba etí ọmọ, bí kò bá gba ẹ̀mí rẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù, wọ́n fi aṣọ bò ó lójú, wọ́n sì fi ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì pààrọ̀ tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì kan, èmi jókòó sí ìpẹ̀kun kejì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló bá mi sọ lọ́jọ́ yẹn: "Mo bi ẹ́ o."

Ọmọ náà yè. Nígbà tí a délé, ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló ń pààrọ̀ àwọn ìlédìí tuntun tí a rà, tó ń di bẹ́ẹ̀dì mú kó tó lè nàró. Èmi ń fọ abọ́. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kan tó tú ọmọ, tó na ìlédìí tútù náà sí mi. "Wá wò ó. Báwo ló ṣe rí?"

Mo gbé e síta sójú ìmọ́lẹ̀. "Kò ní àwọ̀ kankan, Àǹtí mi."

"Ó dáa. Pààrọ̀ rẹ̀."

Mo ti níṣẹ́ báyìí, àdúgbò Challenge ni mò ń gbé, ọmọ náà sì ti wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò nígbà tó wà lọ́mọ oṣù mẹ́fà, wọ́n ní ó ń gbọ́ràn dáadáa. Mo rí ìwé àyẹ̀wò náà. Síbẹ̀, bí mo bá ti dé Àgbowó, mo máa ń dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo á pè é jẹ́jẹ́, mo á wá máa wo ọrùn rẹ̀ bóyá á yí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò pé èmi nìkan ni mo mọ̀ nípa ìdánwò yìí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Mo pè é. Kò yíjú. Mo tún pè é. Nígbà náà ni mo rí i pé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ti dúró lórí ẹ̀wà tó ń ṣà, pé òun náà ń wo ọrùn ọmọ náà. Àwa méjèèjì dúró.

"Mo ti gbọ́ o!" ni ọmọ náà wí, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Bọ́ọ̀lù ni mò ń wò."

Ẹ̀gbọ́n mi ò wò mí. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà rẹ̀, èmi náà fa díẹ̀ sọ́dọ̀ mi nínú rẹ̀, a jọ ń ṣà á.